Bí Ọjọ́ Ogbó Ṣe Ń Yí Àwọn Ọmọ Ogun Ara Padà, àti Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹni ọdún 75 lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà, ó ṣeé ṣe kí iye tí wọ́n máa rí má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni ọdún 25. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí ohun tí a ti gbà lọ́kàn ni pé bí èèyàn ṣe ń dàgbà ni àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ń tán lọ. Wọn kì í tán. Àwọn tuntun ni kì í wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn tó wà nílẹ̀ ń ṣìnà, àwọn kan sì ń jà níbi tí kò sí ogun. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa ra oògùn "afúnra-lágbára" kiri, á sì máa dúró de ara gbígbóná tó lè má dé rárá nígbà tí àrùn ti wọlé.

Ẹni tó ti lé ní ọdún 60 ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ọmọ, ìyàwó tàbí ọkọ tó ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi rọ́pò dókítà yín o. Ẹ fi mọ ohun tí ẹ máa bá dókítà sọ ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó ń yí padà gan-an

Ẹṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní thymus. Ẹ̀yìn egungun àárín àyà ló wà, lókè ọkàn díẹ̀. Títí di ọdún 1961, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ló gbà pé kò wúlò fún nǹkan kan. Ọdún yẹn ni Jacques Miller, tó ń ṣe ìwádìí ní London, sọ ohun tó rí nígbà tó yọ thymus lára àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí: wọn ò lè bá àrùn jà. Inú thymus ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí wọ́n ṣe máa dá àjèjì mọ̀, ibẹ̀ náà ni ara ti ń yọ àwọn tó bá fẹ́ kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀ kúrò.

Kò sí ẹ̀yà ara tó tètè ń darúgbó tó o. Láti ìgbà ọmọdé ló ti ń sún kì, tí ọ̀rá ń gba àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá fi máa lé ní 60, ìwọ̀nba bíńtín ló ṣẹ́ kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì bá àrùn kankan pàdé rí á wá di ọ̀wọ́n, á ku àwọn tó ti ja ogun àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí mọ ọ̀tá tí wọ́n ti bá pàdé rí dáadáa, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò tí ara ò rí rí bá dé, kò sí ẹni tuntun púpọ̀ tí a lè rán sí i. Ọ̀kan lára ìdí tí COVID-19 fi pa àwọn àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ fíìfíì ní 2020 nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé ohun àlòkù ni thymus àgbàlagbà. Ní 2023, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde nípa àwọn àgbà tí wọ́n yọ thymus wọn nígbà iṣẹ́ abẹ. Ọdún 5 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ àyà bẹ́ẹ̀ fún láì fọwọ́ kan thymus, ìdá 2.8 ni. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn tó ń gba àyè mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́wọ́ ni fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní CMV. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó o láì mọ̀, torí kì í sábà ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ara, kì í jáde mọ́. Ara á máa ṣọ́ ọ lọ́dọọdún, á máa kó ọmọ ogun tì í, débi pé lára àwọn àgbàlagbà kan, apá tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì T tó ń rántí àrùn ni kò mọ ohun mìíràn ju CMV lọ.

Ẹ jẹ́ ká dé inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, sẹ́ẹ̀lì B tí mùdùnmúdùn ń mú jáde ń dín kù. Sẹ́ẹ̀lì B ló ń ṣe èròjà agbógunti-àrùn tó ń di kòkòrò mú. Èyí tí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ogbó, dídì tó ń di kòkòrò mú kì í le tó ti ìgbà èwe. Nínú àwọn tó lé ní 70, ó ju ẹnì kan lọ nínú ẹni 10 tí ìran sẹ́ẹ̀lì kan ti gbilẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú mùdùnmúdùn wọn, nítorí àyípadà kan nínú àbùdá tó fún ìran náà láǹfààní. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti àrùn ọkàn pọ̀ sí i.

Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà ńkọ́? Neutrophil ni orúkọ wọn, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Àwọn onímọ̀ ti fi wọ́n sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n fi èròjà tó ń fa wọ́n mọ́ra sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ń wò wọ́n. Ti ọ̀dọ́ á kọrí síbẹ̀ tààrà. Ti àgbàlagbà kò lọ́ra o, eré tó ń sá kan náà ni, ṣùgbọ́n á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á tún padà, kó tó débi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí neutrophil ṣe ń la ẹran ara kọjá ló ń tú èròjà tó ń jẹ ẹran ara sílẹ̀ kó lè rọ́nà. Bí ìrìn bá ti gùn sí i, ohun tó dára tó ń bà jẹ́ lójú ọ̀nà ń pọ̀ sí i, kòkòrò náà sì ti rí àyè bí sí i kó tó dé.

Macrophage, àwọn tó ń gbé kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì, náà kì í jẹun tó ti tẹ́lẹ̀. (Élie Metchnikoff, tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú sẹ́ẹ̀lì agbénǹkanmì yìí ní 1882, ni ẹni kan náà tó sọ ọjọ́ ogbó di ẹ̀kọ́ tó ní orúkọ tirẹ̀ ní 1903. Ẹ̀bùn Nobel tó gbà ní 1908 wá nítorí ti àkọ́kọ́.) Ní ti àwọn tí wọ́n ń pè ní NK, tó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì tàbí jẹjẹrẹ bá ti wọ̀, iye wọn ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ ogbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dín kù.

Èyí tó kù ni mo kà sí ọ̀gá nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún yín lọ́wọ́, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, torí àwọn ọmọ ogun ara ti dé. Bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kó rọlẹ̀. Lára àgbàlagbà kì í rọlẹ̀ tán: bí iná abẹ́ eérú ló rí, kò jó lóke, kò sì kú. Claudio Franceschi, onímọ̀ ará Ítálì, ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ipò yìí lórúkọ ní 2000. Ohun tó ń kó igi sí i pọ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó tí kò pín mọ́ tí kò sì fẹ́ kú, tó wá ń tú èròjà ìjà sí àyíká; ọ̀rá inú ikùn; àrùn èrìgì; àti fáírọ́ọ̀sì bíi CMV tó ń sùn nínú ara. Ìjà abẹ́lẹ̀ yìí lọ́wọ́ nínú àrùn ọkàn, nínú àtọ̀gbẹ, àti nínú bí iṣan ṣe ń gbẹ. Bí àrùn gidi bá sì dé, ara tó ti ń jà látọjọ́ yìí kì í tètè dáhùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tún ẹnubodè ṣe

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń fojú fò. Awọ ara ń fẹ́lẹ́ ó sì ń gbẹ, bó bá ti sán, kòkòrò ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Ẹ máa fi ìpara pa á nígbà tí omi ìwẹ̀ ò tíì gbẹ tán lára. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́. Bí ojú ò bá ríran tó bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíì bá a wò ó.

Ẹnu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Itọ́ àgbàlagbà sábà máa ń dín kù, pàápàá bó bá ń lo oríṣiríṣi oògùn, kòkòrò á sì máa pọ̀ lórí eyín àti ahọ́n. Tí itọ́ bá ṣèèṣì gba ọ̀nà òfì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun, òtútù àyà lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Eyín àtọwọ́dá náà fẹ́ fífọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn.

Ìtọ̀ tí kì í jáde tán jẹ́ ilé fún kòkòrò. Lára ọkùnrin, ẹṣẹ́ próstéètì tó wú ló sábà ń fà á. Lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, àwọn bakitéríà rere tó ń dáàbò bo ojú ara ló ń dín kù. Ẹ má máa mú ìtọ̀ mọ́ra. Ẹ máa mu omi kódà bí òùngbẹ ò bá gbẹ yín, torí òùngbẹ àgbàlagbà kì í pè é tó ti ọ̀dọ́. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín nìkan ni èyí ò kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ bí ara ṣe máa ń rí sílẹ̀ kí àìsàn tó dé

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ara bá le, ẹ wọn ooru ara láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ kọ ọ́. Ooru ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kéré sí 37 tí a máa ń pè ní ìwọ̀n tó dáa. Ẹlòmíì lè máa wà ní 36.2 láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá di 37.4, nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé lọ́wọ́ á mọ̀ pé nǹkan ti dé.

Ẹ ka mímí náà. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá tàbí màmá nígbà tí wọ́n bá ń sinmi, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń ka nǹkan, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka mímí òun á yí i padà. Ẹ máa wo àyà tàbí ikùn wọn: gígòkè kan àti sísọ̀kalẹ̀ kan, ọ̀kan nìyẹn. Odidi ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi kà á, ẹ má ka ààbọ̀ kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe: ṣé wọ́n ń dá rìn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé wọ́n ń jẹun tán, ṣé wọ́n mọ ọjọ́ tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ má dúró de ara gbígbóná

Tí mo bá ní kí ẹnì kan mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ibí ni mo máa nàka sí. Ara gbígbóná, ikọ́, ìrora, gbogbo àmì tí a mọ̀ àrùn mọ́ yẹn, kì í ṣe kòkòrò ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ara ló ń ṣe wọ́n nígbà tó bá ń jà. Bí ìjà bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, àmì náà á pẹ́. Nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn àkóràn tó le ni ara wọn kì í gbóná rárá, tàbí kó gbóná díẹ̀ péré.

Fún àwọn àgbàlagbà tó ń gbé nílé ìtọ́jú, ìwọ̀n tí àwọn dókítà àrùn àkóràn ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ kéré sí ti gbogbo ayé: bí ooru ẹnu bá ju 37.8 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó ju 37.2 lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó fi 1.1 ga ju ti ẹni náà tẹ́lẹ̀, ara gbígbóná ni wọ́n kà á sí. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín. Bí ara bá sì tutù ju 36 lọ nígbà tí ẹni náà ń ṣàìsàn, ẹ má rò pé ó ti ń yá. Ó lè jẹ́ àmì pé àrùn ti le gan-an.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ hàn nígbà náà? Ọpọlọ tó dàrú lójijì ni. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀ lánàá ń pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì lónìí, tàbí ó ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ jí, tàbí ó ń bínú láìnídìí. Àwọn èèyàn á ní "àgbà ti dé." Rárá o. Ọjọ́ ogbó kì í da ọpọlọ rú láàárín ọjọ́ kan. Ìṣubú tí kò nídìí, àìfẹ́ jẹun, ìtọ̀ tó ń já lójijì lára ẹni tí kì í ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e: gbogbo ìwọ̀nyí lè jẹ́ òtútù àyà tàbí àrùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ (sepsis). Mímí tó bá ti tó 25 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi náà ń nàka sí ẹ̀dọ̀fóró. Inú rírun pẹ̀lú: àgbàlagbà lè ní àrùn inú tó fẹ́ iṣẹ́ abẹ kíákíá, kó sì sọ pé inú kàn ń dun òun díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìtọ̀, torí mo rí i pé wọ́n ń ṣi oògùn lò níbẹ̀. Bakitéríà lè wà nínú ìtọ̀ àgbàlagbà láìfa àìsàn kankan, pàápàá obìnrin. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé bakitéríà wà, ṣùgbọ́n tí kò sí gbígbóná, tí ìtọ̀ ò ta, tí ìrora ò sí, oògùn apakòkòrò kì í sábà ṣe oore kankan. Ó ń kọ́ kòkòrò náà bó ṣe máa kojú oògùn ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, "Àmì wo lẹ rí tí ẹ fi fẹ́ fún wọn ní oògùn yìí?"

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ gbà á lásìkò

Nítorí pé ọmọ ogun tuntun ò pọ̀ mọ́, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a fi ọ̀tá han àwọn tó wà kí ọ̀tá tó dé. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lára àgbàlagbà tó ti ọ̀dọ́. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ wo ti àrùn inúfulẹ́ńsà. Abẹ́rẹ́ lásán ní máíkírógíráàmù 15 nínú fún oríṣi fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe alágbára fún àwọn tó ti pé 65, ó ní 60. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2014, tí nǹkan bí 32,000 àgbàlagbà kópa nínú rẹ̀, àwọn tó gba alágbára fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kó inúfulẹ́ńsà kéré sí àwọn tó gba ti tẹ́lẹ̀. Irú mìíràn wà tí wọ́n fi èròjà arunisókè sí, kí ara lè tètè fiyè sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ fún àgbàlagbà ní abẹ́rẹ́ inúfulẹ́ńsà, ẹ béèrè bóyá ọ̀kan nínú méjèèjì yìí wà. Bí kò bá sí, ẹ gba èyí tó wà. Ọdọọdún ni.

Shingles ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ẹni tó bá ti ní chickenpox lọ́mọdé, fáírọ́ọ̀sì náà ò jáde lára rẹ̀. Inú gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára ló ń sùn sí. Sẹ́ẹ̀lì T ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìṣọ́ bá rẹ̀, á jí, á sì yọ bí ìlà eléépa olómi sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, èyí tó ń jó bí ẹni fi ata sí i. Eléépa á gbẹ, ṣùgbọ́n ìrora lè kù fún oṣù tàbí ọdún. Abẹ́rẹ́ Shingrix, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2017, ní èròjà arunisókè tó lágbára nínú. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe kó tó jáde, ó dènà àrùn náà ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó lé ní 50, àti nǹkan bí ìdá 90 lára àwọn tó lé ní 70. Ìyẹn ló fi yé mi pé ara àgbàlagbà ṣì lè gbọ́ràn bí a bá mọ bí a ṣe ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, oṣù 2 sí 6 láàárín wọn. Apá lè wú, ara sì lè ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn sá fún èkejì.

Àwọn tó kù: ti pneumococcus, bakitéríà tó wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń fa òtútù àyà, ti RSV, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú ọ̀nà èémí, tó jẹ́ pé 2023 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún àgbàlagbà jáde, ti COVID-19, àti ti ipá (tetanus), tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n tún gbà ní ọdún 10 sí 10. Ọjọ́ orí tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ni abẹ́rẹ́ máa ń gbà kí ààbò tó dúró, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí àrùn ti gba àdúgbò kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń rọ ọmọ ogun ara lọ́wọ́, ẹ béèrè bóyá ó lè gba abẹ́rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn náà gba tiyín. Nígbà míì, àjẹsára ará ilé ló ń dáàbò bo àgbàlagbà ju tirẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Eré ìdárayá, oorun, oúnjẹ

Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Birmingham àti London yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 125 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 55 sí 79 wò, àwọn tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà jíjìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iye sẹ́ẹ̀lì T tuntun tó ń jáde látinú thymus wọn sún mọ́ ti ọ̀dọ́. Ìyẹn ò sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 70 á rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn yìí ti ń gùn ún tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé apá kan nínú ohun tí a ń pè ní ọjọ́ ogbó, ìjókòó ló fà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìdárayá tí kò le jù láàárín ọ̀sẹ̀, kó máa fi ọjọ́ méjì ó kéré tán lo iṣan, kó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe èyí tó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin. Bí nọ́ńbà yẹn bá ga jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí àga. Ẹ yan èyí tí kò ní táyà, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dìde dúró láì fi ọwọ́ ti ara, kí ẹ sì rọra padà jókòó. Rírọra jókòó yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún iṣan itan jù. Ẹ má kàn wó lulẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe 5, ẹ ṣe 5.

Oorun: nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2015, wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí imú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ó lé ní ìlọ́po 4 tí ọ̀fìnkìn fi mú àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí 6 ju àwọn tó ń sùn ju wákàtí 7 lọ. Wọn kì í ṣe àgbàlagbà, àmọ́ mi ò rí ìdí tí tiwa á fi sàn jù. Wákàtí 7 sí 8 ni kí ẹ máa lé.

Ní ti oúnjẹ, àìtó púrótéènì ló sábà máa ń ṣe àgbàlagbà, torí oúnjẹ rírọ̀ tó rọrùn láti jẹ kì í ní púpọ̀ nínú. Gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n ni àwọn onímọ̀ ń dá lábàá lóòjọ́. Ẹni tó wọ̀n kílò 65 á jẹ 65 sí 78. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa béèrè lọ́wọ́ dókítà ná. Fítámì D tí wọ́n ń dá lábàá fún ẹni tó lé ní 70 jẹ́ 800 IU lóòjọ́. Síǹkì wúlò fún ẹni tí kò ní i tó, ṣùgbọ́n bó bá ń ju mílígíráàmù 40 lọ lóòjọ́ fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ara rí kọ́pà gbà, àìtó kọ́pà á sì wá dín neutrophil kù. Àṣejù tún wá di àìsàn.

Sìgá: ẹ jáwọ́ o, kò sí ọjọ́ orí tí kò ti lérè.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tú àpò oògùn wò

Ẹ kó gbogbo oògùn tí àgbàlagbà ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo àti èyí tí ọ̀rẹ́ fún un, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apoògùn. Prednisolone, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí wíwú rọlẹ̀, àti irú rẹ̀ ń rọ ọmọ ogun ara lọ́wọ́, ó sì tún lè bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀. Paracetamol náà ń bò ó. Ẹ wọn ooru ara kí ẹ tó lò ó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má dá prednisolone dúró lójijì fúnra yín, torí ara tó ti mọ́ lára rẹ̀ lè dákú.

Ní ti oògùn tí wọ́n ní ó ń "gbé àjẹsára sókè," ìbéèrè mi ni pé: èwo nínú rẹ̀ ló fẹ́ gbé sókè? Apá kan ìjà ara àgbàlagbà ti lọ sókè jù tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ gidi ń gbìyànjú o. Ní 2014, oògùn kan tó tan mọ́ rapamycin (oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín wọn) mú kí abẹ́rẹ́ inúfulẹ́ńsà ṣiṣẹ́ dáadáa sí i ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn àgbàlagbà. Gbogbo ayé yọ̀. Ní 2019, oògùn mìíràn tó fara pẹ́ ẹ já wọn kulẹ̀ nínú ìwádìí ńlá: kò dín àìsàn ọ̀nà èémí kù. Bí irú iṣẹ́ yẹn bá ṣì ń kọsẹ̀, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó náwó sórí ìgò tí ẹnì kan ń polówó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ tí ẹ bá ní láti sáré

Ọpọlọ tó dàrú láàárín wákàtí díẹ̀, mímí tó tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ètè tàbí èékánná tó ń ṣú, awọ tó tutù tó sì ní àbàwọ́n, ìtọ̀ tí kò jáde láti àárọ̀ di alẹ́, ara tó tutù ju 36: ẹ má dúró de ọ̀la. Àrùn tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ń burú sí i láàárín wákàtí sí wákàtí.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "ara wọn ò yá." Ẹ sọ ohun tó yí padà àti ìgbà tó yí padà: "Lánàá màmá dá wẹ̀, wọ́n jẹun tán. Láti aago mẹ́fà ìdájí òní wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ooru ara wọn máa ń jẹ́ 36.2, ó ti di 37.5. Mímí wọn jẹ́ 16 tẹ́lẹ̀, ó ti di 26." Ẹ gbé ìwé náà sọ́wọ́ dókítà, ẹ fi orúkọ gbogbo oògùn sí i, ẹ sì béèrè ní tààrà pé ṣé kì í ṣe àrùn inú ẹ̀jẹ̀ (sepsis).

Bí wọ́n bá dá wọn dúró sílé ìwòsàn, ẹ kó awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn lọ, torí ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn ni ọpọlọ rẹ̀ tètè ń dàrú lórí ibùsùn. Iṣan àgbàlagbà sì ń yára gbẹ lórí ìdùbúlẹ̀. Ní kété tí dókítà bá ti gbà, kí wọ́n máa jókòó sórí àga láti jẹun, kí wọ́n sì máa rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá wọn sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kù fún wọn.